Q wà lọ́wọ́, U kò sí: bí àwọn ọ̀ta Scrabble ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ti ta Scrabble rí mọ ìnira yìí: Q jókòó síwájú rẹ̀, máàkì 10 ló gbé dání, U kan ṣoṣo kò sì sí nítòsí. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé pé Q kì í rìn láìsí U. Nínú Scrabble, irọ́ ni. QI wà níbẹ̀, ìyẹn agbára ìyè tí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣàn nínú ara. QAT wà, ewé tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu ní Yemen. FAQIR wà, QOPH náà ò gbẹ́yìn. QI nìkan ti tó láti yọ èèyàn nínú ewu, torí pé lẹ́tà I mẹ́sàn-án ló wà nínú àpò.

Àpò ọ̀hún kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Alfred Butts, ayàwòrán-ilé kan ní New York tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, tó sì dá eré náà sílẹ̀, ló jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Èyí tó pọ̀ lójú ìwé, máàkì kékeré ló fún un. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ló gbówó lórí. Bí E ṣe di 12 nínú 100 nìyẹn, tí Q àti Z sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. S ò ju mẹ́rin lọ, kí oníkálukú má baà máa fi S lẹ ìdí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣáá. Ẹ tún wò ó: C, Q, V, X àti Z, tí ábídí Yorùbá kò lò, wà lára àwọn tó ń yọ òpè lẹ́nu jù nínú eré yìí.

Kí ni ọ̀ta wá ń ṣe tí òpè kì í ṣe? Ẹ mú lẹ́tà méje yìí: T, S, N, A, I, R, E. Ọ̀nà 5,040 ni wọ́n ṣeé tò, kò sì sí ẹni tó lè dán gbogbo rẹ̀ wò kí àkókò tó tán. Ọ̀ta á kọ́kọ́ tò wọ́n bí ábídí ṣe tò wọ́n: AEINRST. Ó ti kọ́ ọ sórí láti ilé pé ibi tí AEINRST bá wà, RETAINS, NASTIER, RETINAS, STAINER, STEARIN àti RETSINA ń bẹ níbẹ̀. Kò wá ọ̀rọ̀ kankan mọ́, rírántí ló ń rántí. Tó bá sì kó méjèèje kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máàkì 50 ni èènì.

Áàpù tí ń báni wá ọ̀rọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìwé Collins Scrabble Words ní ọ̀rọ̀ tó ju 270,000 lọ. Kọ̀ǹpútà á ti to lẹ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀, á wá mú èyí tó bá tiyín dọ́gba. Lọ́dún 1988, Andrew Appel àti Guy Jacobson gbé ọ̀nà mìíràn jáde: wọ́n so àwọn ọ̀rọ̀ pọ̀ níbi tí wọ́n ti jọra, tí TALKED àti WALKED fi ń jọ lo ìparí kan náà. Tí lẹ́tà bá sì ti tò dé ibi tí ọ̀rọ̀ kankan kò gbà kọjá, ẹ̀rọ á ṣẹ́rí padà lójú ẹsẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó yọ áàpù wò lẹ́yìn eré ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó yọ ọ́ wò nígbà tí eré ń lọ, olè ni.

Ti Wordle, eré wíwá ọ̀rọ̀ tó fara sin tí Josh Wardle gbé jáde lọ́dún 2021, yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ibi tí lẹ́tà wà ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ADIEU bẹ̀rẹ̀ nítorí fáwẹ́lì mẹ́rin inú rẹ̀. Èmi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀: R, S, T àti N ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ síra.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a ò tíì béèrè bóyá ẹni tó ń ta Scrabble mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife àgbáyé Scrabble Faransé ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 2015, kò sì gbọ́ Faransé. Ìwé ọ̀rọ̀ ló kọ́ sórí láàárín oṣù méjì ó lé díẹ̀. Lọ́dún 2024 ó tún gba ti èdè Spéìn ní Granada.

Ọdún 2015 yẹn náà ni Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife àgbáyé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Perth, Ọsirélíà, lọ́wọ́ Lewis Mackay, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. FELTY, tó mú máàkì 36 wá, wà lára ohun tó fi ṣe é. Ohun tí wọ́n mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà sí nìyẹn: ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kódà nígbà tí wọ́n bá rí èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ gígùn a máa kó lẹ́tà dáadáa tán lọ́wọ́ ẹni, a sì tún máa ṣí ọ̀nà fún alátakò dé ojú pupa ẹ̀gbẹ́ pátákó, níbi tí máàkì ọ̀rọ̀ ti ń di ìlọ́po mẹ́ta.