Bí A Ṣe Ń Tún Ọ̀nà Epo Ṣe Nínú Lọ́rì Àtijọ́ Tí A Fi Ẹ́ńjìnnì Dísù Sí

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé kíkún lórí bí a ṣe ń tún ọ̀nà epo ṣe nínú lọ́rì àtijọ́ tí a yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù rẹ̀, tí a sì fi ti dísù rọ́pò.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ wa ni pé ohun tí ó bá gba ọ̀fun ènìyàn kọjá ni ó lè mú un yè, òun náà ni ó sì lè pa á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ lọ́rì rí. Bí ẹnì kan bá yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kúrò nínú lọ́rì àtijọ́, tí ó fi ti dísù dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi ọ̀nà epo sílẹ̀ bí ó ti wà, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe. Bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnnì náà dára tó, ohun tí ń wọ inú rẹ̀ ni yóò pa á. Ọ̀nà epo tí mo ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú tánkì, ó gba inú páìpù, asẹ́ àti pọ́ǹpù, ó sì parí sí ẹnu nọ́sù tí ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kí a tẹ̀ lé epo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o lè mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe ní ibì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọdún 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù sì dé lẹ́yìn náà, àwọn ni ó ń kó kòkó láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá sí ìdí rélùwéè. Lára àwọn lọ́rì tí ó gbajúmọ̀ jù nígbà náà ni Bedford, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1931. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa a máa fi pákó kan ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀, òun ni ó sì di bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn òbí wa wọ̀. Bẹntiróòlù ni púpọ̀ nínú wọn ń mu. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wọn gbó, àwọn ọlọ́kọ̀ kan kò ju lọ́rì nù. Ẹ́ńjìnnì dísù, bí i Perkins tàbí ti Mercedes 911, ni wọ́n wá gbé sí i. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Ilé iṣẹ́ Perkins, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Peterborough ní ọdún 1932, ta ẹ́ńjìnnì dísù fún àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ti bẹntiróòlù. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: lítà dísù kan a máa gbé lọ́rì rìn jìnnà ju lítà bẹntiróòlù kan lọ, ẹ́ńjìnnì dísù sì ń fa ẹrù wúwo gun òkè láìjẹ́ pé ó sáré púpọ̀.

Kí o tó fọwọ́ kan sípánà, mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àtijọ́, kábúrétọ̀ ni ó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì ni ó sì ń ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní kábúrétọ̀, kò sì ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó kọ́kọ́ ń fà wọlé, a sì fún un pọ̀ títí ibi tí ó gbà yóò fi dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 16 sí 20. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ báyìí a máa gbóná ju ìwọ̀n 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni nọ́sù yóò fín dísù sínú rẹ̀ bí ìkùukùu, tí epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ẹ́ńjìnnì irú èyí hàn ní ọdún 1897. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni a ti rí orúkọ tí a ń pe epo náà.

Kí epo tó lè gba ẹnu nọ́sù jáde bí ìkùukùu, agbára tí ń tì í a máa tó nǹkan bí ìlọ́po 200 agbára afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Pọ́ǹpù tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní ààyè nínú. Bí o bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ààyè tí ó wà láàárín ọ̀pá irin tí ń ti epo àti ilé rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ; bẹ́ẹ̀ ni irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí ìdá 70. Dísù tí ń kọjá ní ń fi òróró sí ara irin wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí ẹyọ iyanrìn kan tàbí ẹ̀kán omi kan fi lè ba ohun olówó gọbọi jẹ́.

Tánkì ni ibi àkọ́kọ́. Tánkì tí ó ti gba bẹntiróòlù fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò ti ní ìpẹtà àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú. Ohun tí ó dára jù ni kí a wá òmíràn tí ó mọ́. Ihò méjì ni tánkì dísù nílò: ọ̀kan fún epo tí ń lọ, èkejì fún epo tí ń bọ̀, nítorí pọ́ǹpù àti nọ́sù a máa dá epo tí wọn kò lò padà. Ẹnu páìpù tí ń fa epo kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀. Kí ó fi bí i sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta ga, kí omi àti ìdọ̀tí tí ó rọ̀ sílẹ̀ má baà bá epo lọ. Kí ẹnu páìpù tí epo ń gbà padà jìnnà sí i, nítorí epo tí ń bọ̀ gbóná, ó sì lè ní afẹ́fẹ́ nínú.

Níbi tí a ti ń lu ihò kejì yìí ni ewu ńlá wà. Má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kan tánkì tí ó ti gba bẹntiróòlù rí, ì báà ṣófo. Òfìfo tánkì gan-an ni ó léwu jù, nítorí oru epo tí ojú kò rí ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, iná díẹ̀ ni ó sì ń dúró dè kí ó bú gbàmù. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fọ oru náà jáde tán, tí ó sì ní ohun èlò rẹ̀, nìkan ni kí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Owó tánkì mìíràn kò tó owó ẹ̀mí.

Páìpù ni ó tẹ̀ lé e. Má ṣe lo páìpù omi tí a fi síǹkì bò, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń lò. Dísù àti síǹkì kì í gbé pọ̀. Ohun tí yóò yọ láti inú wọn a máa dí asẹ́ àti nọ́sù. Páìpù irin tí a ṣe fún epo ni kí o wá. Kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó bí àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ti là á sílẹ̀, nítorí epo tí pọ́ǹpù dísù ń fà pọ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jó lọ. Kí rọ́bà tí ó so páìpù pọ̀ jẹ́ èyí tí dísù kò lè jẹ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Láti tánkì títí dé pọ́ǹpù kékeré tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì, fífà ni a ń fa epo, a kì í tì í. Bí ihò bíńtín bá wà ní ojú ọ̀nà yìí, epo lè má kán sílẹ̀ kí o rí i; afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Awakọ̀ yóò máa sọ pé lọ́rì ń kú lójijì, mẹkáníìkì yóò máa tú pọ́ǹpù, bẹ́ẹ̀ kílíìpù kan tí kò fún dáadáa ni ó fa gbogbo rẹ̀. Fi rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ sí ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí o bá rí afẹ́fẹ́ tí ń bá epo kọjá, ọwọ́ rẹ ti tẹ olè náà.

Lẹ́yìn èyí ni asẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà. Asẹ́ kékeré tí bẹntiróòlù ń lò kò tó fún dísù. Méjì ni kí a fi sí i. Ti àkọ́kọ́, tí ó ní ife nísàlẹ̀, ni yóò gba omi àti ìdọ̀tí ńlá. Omi wúwo ju dísù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ife ni yóò rọ̀ sí. Ti èkejì, tí ó ní ìwé nínú, ni yóò gba ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí. Kí a fi wọ́n sí ibi tí ọwọ́ lè dé, nítorí asẹ́ tí ó ṣòro láti dé, ẹnikẹ́ni kì í pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Nígbà náà ni epo yóò dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ńlá. Ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú pọ́ǹpù yìí jáde lọ́pọ̀ yanturu, ìlànà kan náà ni àwọn lọ́rì àtijọ́ wa sì ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá jẹ́ tòkunbọ̀, kó pọ́ǹpù àti nọ́sù rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán wọn wò. Má gba ìmọ̀ràn ẹni tí yóò ní kí a kàn ṣí epo sí i kí lọ́rì lè lágbára. Èéfín dúdú tí yóò máa tú jáde kì í ṣe agbára. Epo tí kò jó tán ni, owó ọlọ́kọ̀ sì ni. Bí epo bá pọ̀ jù, ooru rẹ̀ lè yọ́ písítìnnì. Bákan náà, má ṣe na ọwọ́ sí ẹnu nọ́sù tí ń fín epo. Ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ojú egbò náà tilẹ̀ kéré.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní ipò, a ní láti lé afẹ́fẹ́ jáde. Tú ìdè orí asẹ́ díẹ̀, kí o máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré títí epo tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú yóò fi máa jáde. Lẹ́yìn náà, dè é. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ara pọ́ǹpù ńlá pẹ̀lú. Ní ìparí, tú ẹnu páìpù àwọn nọ́sù díẹ̀, kí ẹnì kan máa yí ẹ́ńjìnnì títí epo yóò fi dé ibẹ̀, kí o sì dè wọ́n padà.

Má gbàgbé okùn irin tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, iná púlọ́ọ̀gì yóò kú, ẹ́ńjìnnì yóò sì dúró. Ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ kò ní iná tí a lè pa. Àfi kí a dí epo mọ́ ọn. Awakọ̀ tí kò bá ní okùn yìí nítòsí ọwọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi dá ẹ́ńjìnnì dúró nígbà ewu.

Bóyá o ń bi ara rẹ pé kí ni ìdí gbogbo wàhálà yìí. Ronú nípa lọ́rì tí ó ru pákó, tí ó ń ti Iléṣà gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú epo ní àárín òkè, ẹ́ńjìnnì yóò kú, ohun tí ń ran bíréèkì lọ́wọ́ kò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Lọ́rì tí ó bá ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù kì í béèrè ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àkótán, ẹni tí ó bá fẹ́ kí lọ́rì àtijọ́ rẹ̀ pẹ́ kó máa da omi inú ife asẹ́ nù lóòrèkóòrè, kó máa pààrọ̀ asẹ́ lásìkò, kó sì sá fún dísù tí wọ́n ti fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù là, nítorí kì í fi òróró sí pọ́ǹpù bí ó ti yẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ẹni tí ó bá ti ní owó ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kó dá owó ọ̀nà epo mọ́ ọn kó tó pe mẹkáníìkì.