Kúrúnà Kì í Jẹ́ Kí Ọmọ Ọwọ́ Sùn: Ẹ Tọ́jú Gbogbo Ará Ilé Lọ́jọ́ Kan Náà

Bí ọmọ ọwọ́ bá ń sunkún lóru, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí ó sì ti mu ọmú yó, ó yẹ kí ìyá rẹ̀ tan iná, kí ó yẹ ara ọmọ náà wò fínnífínní. Bí nǹkan wẹ́wẹ́ bá sú sí i ní àárín ìka, abíyá, ìdí, orí, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òru ni ó ń yún un jù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kúrúnà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀bùn ní í fa kúrúnà, wọn a sì máa fi ìyá ọmọ ṣe ẹlẹ́yà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i ni ó ń fà á. Abo rẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sínú awọ ara, a sì yé ẹyin síbẹ̀. Bí a bá pọn ọmọ, tàbí bí a bá sùn pọ̀ lórí ẹní kan náà, kòkòrò náà lè ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka kúrúnà mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a kò kọbi ara sí tó.

Ẹni tí kò ní kúrúnà rí lè gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Nítorí náà, bàbá tí ó ń sùn fọnfọn lónìí lè ti ní i lára. Bí a bá tọ́jú ọmọ nìkan, àwọn ará ilé yóò tún kó o ràn án.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìpara permethrin ni a sábà máa ń lò fún ọmọ tí ó ti ju oṣù 2 lọ. Ìpara imí-ọjọ́ ni a máa ń fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ará ilé fi oògùn tí a bá fún wọn pa ara ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ kúrò ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe nígbà tí olùtọ́jú bá dá fún wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ojú tàbí ẹnu ọmọ. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ, ọ̀já àti aṣọ ìbora, kí ẹ sì sá wọn sí oòrùn. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú àpò ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ 1.

Yíyún náà lè máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn ìtọ́jú. Èyí kò fi hàn pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Kí ọmọ lè sùn, ẹ gé èékánná rẹ̀, ẹ fi omi tútù díẹ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Ẹ má ṣe fi kàǹkàn líle bó o lára. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì, oògùn ẹ̀fọn tàbí ìpara abóra pa á.

Bí egbò bá kó ọyún, bí ojú ọmọ bá wú, tàbí bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, ẹ má ṣe jáfara láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí irú egbò bẹ́ẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe tijú: ẹ sọ fún ará ilé, kí ọmọ lè sùn.