Okùn Ìsopọ̀ àti Ìbò Kẹta láàárín Kọ̀ǹpútà Apèsè Méjì

Bí kọ̀ǹpútà apèsè méjì bá jọ ń tọ́jú èsì ìdánwò sórí díìsìkì kan náà, iṣẹ́ kì yóò dúró bí ọ̀kan bá kú: èkejì ni yóò gbà á ṣe. Àmì kékeré tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn láìdábọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní heartbeat, ni ẹ̀rí pé ẹnìkejì ṣì wà láàyè. Ibi tí ewu wà nìyí. Bí okùn kan ṣoṣo tí àmì náà ń gbà bá já, kọ̀ọ̀kan yóò rò pé òun nìkan ni ó kù, bí àbúrò tí ń jogún ẹ̀gbọ́n tí kò kú. Àwọn méjèèjì yóò máa kọ̀wé sórí díìsìkì náà, èsì yóò sì bàjẹ́. Okùn méjì ni ó yẹ, sí switch méjì tí orísun iná wọn yàtọ̀. Okùn méjì sínú switch kan, ẹ̀tàn lásán ni. Síbẹ̀, okùn nìkan kò tó. Ẹlẹ́rìí kẹta gbọ́dọ̀ wà, ìbáà ṣe díìsìkì kékeré tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, tí yóò ní ìbò tirẹ̀. Èyí tí kò bá rí ìbò méjì nínú mẹ́ta yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.