ṢÒKÒTÒ ỌDẸ NÍGBÀ OORU: KÍ LÓ YẸ KÁ TÀ FÚN ONÍBÀÁRÀ WA?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí kan àwa tí à ń ta òkìríkà, ó kan àwa tí à ń ta aṣọ ọ̀pá, ó sì kan àwọn télọ̀ tó jókòó síwájú ìsọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ọdẹ ni. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣòkòtò ọdẹ kẹ̀? Ṣé ṣòkòtò kì í ṣe ṣòkòtò ni?" Rárá o. Ṣòkòtò tí èèyàn wọ̀ lọ sóde ìnáwó, ìjókòó ló fi ń jó nínú rẹ̀ jù. Èyí tí ọdẹ wọ̀, òun ló fi ń rìn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, òun ló fi ń la odò, òun náà ló fi ń gba inú ẹ̀gún kọjá. Bí ṣòkòtò bá já a kulẹ̀ nínú igbó, kò sí ìsọ̀ tó lè yà sí láti ra òmíràn.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ọdẹ yìí náà ló ń ṣọ́ ọjà wa lóru. Nígbà tí a bá ti ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ tí a lọ sùn, àwọn ló ń yí ọjà ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Láti ọdún 2020 tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ti wọ inú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń ṣọ́ ọjà wa, kò yẹ ká ta ohun tí yóò pa á lára fún un.

OORU ÀTI ÒÓGÙN

Ẹ̀ẹ̀rùn wa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ọyẹ́ á fẹ́ ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, òru á tutù. Ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, ooru á mú débi pé inú ilé gan-an kò ṣeé gbé. Ìgbà náà ni òjò àkọ́rọ̀ tún máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Ọdẹ á làágùn lọ́sàn-án, òjò á pa á nírọ̀lẹ́, ìrì á tún mú un ní ìdájí. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣòkòtò rẹ̀ á tutù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè pé, "Ìyá, ẹ fún mi ní èyí tó ń yá gbẹ."

Òógùn kì í ṣe ìyà o. Ọlọ́run fi sára wa kí ara lè tutù ni. Bí òógùn bá ṣe ń gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru lọ. Bí aṣọ kò bá wá jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, òógùn kò ní í rọ́nà gbẹ, ara èèyàn á máa hó bí ìkòkò tí a dé. Bí aṣọ bá sì tutù tí kò gbẹ, á máa ha itan méjèèjì títí á fi bó. Ibi tó bá ń tutù, tó sì ń gbóná bẹ́ẹ̀, làpálàpá kì í pẹ́ débẹ̀. Ọdẹ tí itan rẹ̀ ti bó, báwo ló ṣe fẹ́ sá eré bí ewu bá dé?

ÒWÚ NÍ TIRẸ̀, PÓLÍSÍTÀ NÍ TIRẸ̀

Òwú ni àwọn baba wa ń wọ̀ lọ sígbó. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun nínú ilé nípọn, kì í tètè ya, wọ́n á sì rán an ní ṣòkòtò tó fẹ̀ dáadáa lábẹ́ kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Lẹ́yìn náà ni kákí dé. Òwú dára. Ó rọ̀ lára, kì í pariwo bí èèyàn bá ń rìn, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀mùtí omi ni. Nínú afẹ́fẹ́ lásán tí òjò kò tíì kàn án, òwú gíráàmù 100 lè fa omi bíi gíráàmù 7 tàbí 8 mọ́ra. Bí òjò bá wá pa kákí tó nípọn ńkọ́? Á wúwo, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó sì lè má gbẹ títí di ọjọ́ kejì.

Pólísítà yàtọ̀. Ọdún 1941 ni àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe é, inú epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ wo ike tí wọ́n fi ń ta omi àti ẹlẹ́rìndòdò lọ́jà wa. Ohun kan náà ni òun àti pólísítà, wọ́n kàn fa ọ̀kan bí òwú ni, wọ́n sì fọn ìkejì bí ìgò. Bí ike kò ṣe ń mu omi, bẹ́ẹ̀ ni pólísítà kì í mu omi: gíráàmù 100 rẹ̀ kì í fa omi tó gíráàmù 1 mọ́ra. Ara fọ́nrán rẹ̀ lókè ni omi dúró sí, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, ó ti lọ nìyẹn. Náílọ̀nù náà sún mọ́ ọn, òun kàn ń mu omi díẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ eléyìí, ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ká máa kó pólísítà fún gbogbo ọdẹ. Ẹ ní sùúrù, iná ń bẹ níwájú.

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Ìgbà ooru náà ni ìgbà tí igbó ń jó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọdẹ a máa dúró létí igbó tó ń jó, kí ọ̀yà tàbí òkété tó bá sá jáde lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ṣì ń lo fìtílà kábáyìdì, ọwọ́ iná sì ni. Ìbọn ṣakabùlà pàápàá, bí ẹ̀tù bá gbiná, ẹ̀ta iná lè fò. Ká má tíì sọ ti iná tí wọ́n ń dá nínú ahéré láti fi yan ẹran.

Ẹ̀yin náà ti rí ike tí iná kàn rí. Ṣe ló ń súnkì, tó ń yọ́, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá bá pàdé. Bí ṣòkòtò pólísítà tàbí ti náílọ̀nù ṣe ń ṣe nìyẹn. Bó bá ti gbóná dé nǹkan bí dígírì 250, yíyọ́ ló ń yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ awọ ara pẹ̀lú ooru yẹn. Kì í ṣe pé òwú kì í jó o. Òwú ń jó, ó tiẹ̀ tètè ń gbiná. Ṣùgbọ́n kì í yọ́ sára, èèyàn ṣì lè bọ́ ọ jù sílẹ̀ tàbí kó pa iná rẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ẹyin sí i. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á bó. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ohun tí à ń bẹ̀ yín ni pé, bí ọdẹ bá dé ìsọ̀ yín, ẹ má kàn fa èyí tó wà lókè òkìtì yọ. Ẹ bi í léèrè ohun mẹ́ta.

Èkíní: "Ṣé ẹ̀bá odò àti àbàtà lẹ ti ń ṣọdẹ?" Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kì í sún mọ́ iná, ẹ fún un ní pólísítà tàbí náílọ̀nù tó fẹ́lẹ́. Ó máa gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Èkejì: "Ṣé ẹ máa ń dúró nídìí iná?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òwú ni kí ẹ mú fún un, kákí tó fẹ́lẹ́, kì í ṣe jíìnsì tó nípọn. Jíìnsì ló ń pẹ́ gbẹ jù nínú gbogbo wọn. Ẹ sọ fún un kó ní ìkejì nínú àpò kó lè máa pààrọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹta: "Ṣé ibi gbogbo lẹ̀ ń dé?" Ẹni yìí, aṣọ àdàlù ló yẹ ẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "65% Polyester 35% Cotton" sí, aṣọ iṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n fi í rán. Ó ń yá gbẹ ju òwú lásán lọ, ó sì rọ̀ lára ju pólísítà lásán lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òtítọ́ fún un pé pólísítà tó wà nínú rẹ̀ ṣì lè yọ́, kó jìnnà sí ọwọ́ iná.

BÍ A ṢE LÈ DÁ WỌN MỌ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo lébẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ inú ìbàdí. "Cotton" ni òwú. "Polyester" àti "Nylon" ni èyí tí a ti ń sọ bọ̀. "Elastane" tàbí "Spandex" ló ń jẹ́ kí aṣọ nà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára fún ẹni tó ń lóṣòó, àmọ́ kì í fẹ́ omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù tó gbóná. Àwa náà, ìwé mẹ́fà péré la kà, ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí kò sì pọ̀ jù fún wa láti há sórí. Ẹni tí kò bá lè kà, kó pe ọmọ tó ń lọ síléèwé.

Òkìríkà mìíràn, wọ́n ti gé lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé aṣọ náà mọ́ ẹnu kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn kò bá kọjá rárá, ooru máa pa ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ ra á létí yín. Bó bá ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ bí ọ̀rá, ẹran á ti gbọ́ kó tó rí ọdẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ láti ibi tí wọ́n ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ lọ síta, níbi tó jìnnà sí ẹrù, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bí bébà, á rùn bí bébà, eérú rẹ̀ á sì kúnná. Pólísítà á súnkì, á yọ́, á sì di kókó dúdú líle. A tún un sọ: ẹ má ṣá iṣáná nínú ìsọ̀! Iná ọjà kò ṣeé fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ wò, kó lóṣòó, kó gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ fo igi tó wó. Bó bá ń fún un lábẹ́, kó mú òmíràn tàbí kí télọ̀ fi aṣọ kún un láàárín itan. Kí ojú rírán rẹ̀ jẹ́ oníméjì. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó èyí tí wọ́n lè kì bọ inú bàtà, nítorí eégbọn àti wèrèpè. Ṣòkòtò péńpé kò ṣeé wọ lọ sígbó, bó ti wù kí ooru mú tó.

ÀWỌ̀ ÀTI ÒÓRÙN

Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ àti àwọ̀ eérú ló dára. Ẹ má fún un ní aláró tàbí dúdú kirikiri, nítorí eṣinṣin tó ń gbé àìsàn oorun fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì yìí. Aṣọ alámì ewé bíi ti ṣójà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ará ìlú wọ aṣọ ológun, ẹni tó tà á lè bá ẹni tó wọ̀ ọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Òórùn kàfúrà inú bẹ́ẹ̀lì náà, ẹran ń gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún oníbàárà kó fọ aṣọ náà kó tó wọ̀ ọ́, kó lo ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn, kó sá a síbi tí atẹ́gùn wà. Kó má fi sítáàṣì sí i, sítáàṣì ń dí ojú aṣọ, ó sì ń mú un pariwo.

Ẹ̀yin èèyàn wa, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, tó bá pẹran kò ní í fún ẹnì kan jẹ. Ìyà inú igbó pọ̀, ẹ má jẹ́ ká fi ọjà wa kún un. Ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá sọ òtítọ́ fún un pé èyí tó fẹ́ rà kò dára fún iṣẹ́ rẹ̀, owó ọjọ́ náà á bọ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í dá rìn. Bó bá padà dé ní àlàáfíà, ìsọ̀ yín ló máa júwe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí Elédùmarè bá wa ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ wa. Ọjà á tà o, èrè á wọlé. Àṣẹ.