Ẹ wo ìdí tí títì Alaska Highway fi ń gbé ọkọ̀ sókè, àti ohun tó yẹ kí awakọ̀ ṣe

Tí wọ́n bá ní títì kan ò dáa, kòtò ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àmọ́ lórí Alaska Highway, awakọ̀ lè má rí kòtò kankan, kí ọ̀dà máa dán níwájú rẹ̀, síbẹ̀ kí ọkọ̀ ṣàdédé fò sókè, kó sì balẹ̀ gbì.

Títì náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 2,200. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Dawson Creek ní Kánádà, ó gba British Columbia àti Yukon kọjá, ó sì parí sí Delta Junction ní ìpínlẹ̀ Alaska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà ooru, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń gba ibẹ̀ nínú ọkọ̀ tí òyìnbó ń pè ní motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnnì, yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ àti táǹkì omi nínú. Ká kúkú pè é ní ọkọ̀-ilé.

Kí ló wà lábẹ́ títì náà?

Yìnyín ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yukon, ilẹ̀ abẹ́ títì ti dì gbagidi láti ayébáyé, kì í sì í yọ́ tán nígbà ooru.

Ọdún 1942 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà la títì yìí, lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor ní oṣù Kejìlá ọdún 1941. Wọ́n lé ní 10,000, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bí oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n fi là á já. Nígbà tí katapílà há ewéko orí ilẹ̀ kúrò, ooru ráyè wọlé, yìnyín yọ́, gbogbo ibẹ̀ sì di ẹrẹ̀. Igi ni wọ́n gé tẹ́ sórí ẹrẹ̀ náà kí ọkọ̀ tó lè kọjá.

Ìṣòro yẹn ò tíì tán. Ọ̀dà dúdú máa ń fa ooru oòrùn mọ́ra. Tí yìnyín abẹ́ rẹ̀ bá yọ́, ilẹ̀ á rì, títì á sì bá a wọlẹ̀. Tí òtútù bá tún dé, omi inú ilẹ̀ á dì, á sì fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fírísà rí á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí omi yẹn ṣe ń fọ́ ìgò ló ṣe ń ti títì sókè. Ìdí nìyí tí àtúnṣe kì í fi í tán níbẹ̀. Àárín Destruction Bay sí Beaver Creek, nítòsí ẹnubodè Alaska, ló burú jù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀-ilé ló ń jìyà jù?

Ọkọ̀-ilé ńlá lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 10 lọ, ìdí rẹ̀ sì máa ń gùn kọjá táyà ẹ̀yìn dáadáa. Tí táyà iwájú bá bọ́ síbi tó wọlẹ̀, ìdí á fì sókè, á sì tún já wálẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù á ṣí, abọ́ á fọ́, páìpù omi lè tú. Èyí tó léwu jù ni kí páìpù gáàsì ìdáná tú.

Kí ló yẹ kí awakọ̀ ṣe?

Kó dín eré kù. Ẹ má wo pátákó eré nìkan o. Ẹ wo ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sójú títì: tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ níwájú, ilẹ̀ ibẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Wọ́n tún máa ń ri àsíá kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó burú.

Kó ti gáàsì pa láti orí sílíńdà kó tó gbéra.

Kó jìnnà sí ọkọ̀ iwájú níbi tí wọ́n bá ti ń ṣàtúnṣe, torí òkúta wẹ́wẹ́ máa ń ta fọ́ gíláàsì.

Kó ra epo nígbà tí táǹkì bá ti dé ìlàjì, torí ilé epo jìnnà síra.

Kó wo ipò títì lórí DriveBC tàbí 511 Yukon kó tó kúrò nílùú. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà.

Kó má rìn lóru tí kò bá pọn dandan. Ẹfọ̀n ńláńlá tí wọ́n ń pè ní bison máa ń dúró sójú títì nítòsí odò Liard.

Táyà wá ńkọ́? Ọkọ̀-ilé kì í sábà rìn jálẹ̀ ọdún, nítorí náà táyà rẹ̀ lè gbó kí ojú rẹ̀ tó jẹ tán. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà yìí kan náà wà lára táyà tókúnbọ̀ tí wọ́n ń tà nílé níbí. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó, bó ti wù kí táyà náà máa dán tó.