Owó táṣẹ́rẹ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kánádà ń dá ló ń gbé ọmọ ogúnléndé dé yunifásítì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí wọ́n ṣe ń rán ọmọ lọ kàwé nílùú òyìnbó láyé àtijọ́. Bàbá ọmọ nìkan kọ́ ló ń sanwó. Ẹgbẹ́ ìlú a pàdé, oníkálukú a mú tọwọ́ rẹ̀ wá, wọn a sì yan ọmọ tí orí rẹ̀ pé. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ibibio nílẹ̀ Nàìjíríà wa níbí rán ọmọ mẹ́fà lọ sókè òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó táwọn èèyàn wọn dá jọ ni wọ́n sì fi rán wọn.

Irú owó dídá bẹ́ẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kánádà ń ṣe láti ọdún 1978. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ ìlú wọn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ọmọ ogúnléndé ni, ẹni tí wọn kò rí rí, tó wà nínú àgọ́ ní Kẹ́ńyà tàbí Màláwì, tàbí nílẹ̀ Jọ́dánì.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àgọ́ ọ̀hún. Ní 1991, nígbà tí ogun abẹ́lé tú Sòmálíà ká, wọ́n pa àgọ́ Dadaab fáwọn tó sá wọ Kẹ́ńyà. Ní 1992, wọ́n pa ti Kakuma, ibẹ̀ sì làwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ogun lé kúrò ní Sudan forí lé. Gbogbo èèyàn rò pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Àwọn tí wọ́n bí sínú àgọ́ ti dàgbà, wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti bí ọmọ tiwọn síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Kẹ́ńyà kò fẹ́ kí wọ́n kúrò nínú àgọ́ láìgbàṣẹ, iṣẹ́ gidi kò sì sí fún wọn níbẹ̀.

Síbẹ̀ ilé-ìwé wà nínú àgọ́. Ọmọ lè ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó ka girama, kó sì jókòó ṣèdánwò àṣekágbá táwọn ọmọ Kẹ́ńyà ń ṣe. Ó lè yege dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà pin síbẹ̀. Bàbá tó ń tò fún oúnjẹ ìrànwọ́ kò lè san owó yunifásítì. Ní ọdún 2019, àjọ UNHCR tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé lágbàáyé sọ pé nínú 100 ọ̀dọ́ ogúnléndé tó tó lọ sílé-ìwé gíga, mẹ́ta péré ló ń lọ. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n ní iye náà ti di méje. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kó tó di ìparí ọdún 2030, kó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìjọba Jámánì náà ti ń ṣe tirẹ̀. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fowó sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní DAFI, tó ń sanwó ilé-ìwé fún ọmọ ogúnléndé ní orílẹ̀-èdè tó sá wọ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá gboyè tán, ogúnléndé náà ló ṣì jẹ́. Bí orílẹ̀-èdè tó wà kò bá fún un láyè láti ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè wà nínú àpótí lásán.

Ibẹ̀ gan-an ni ètò Kánádà ti yàtọ̀. Àjọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ World University Service of Canada, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí WUSC, ló ń darí rẹ̀. Òun ló fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Ọmọ tí wọ́n bá mú kò ní gba físà akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbé e padà lọ́jọ́ kan. Ìwé ìgbélùú ni wọ́n ń fún un, ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ kan Kánádà ló ti di ẹni tó lè gbé ibẹ̀ títí, tó lè ṣiṣẹ́, tó sì lè di ọmọ onílùú lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Báwo ni owó náà ṣe ń wọlé? Ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ètò yìí, ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a dìbò bóyá wọ́n gbà kí wọ́n máa fi nǹkan díẹ̀ lé owó ilé-ìwé wọn. Bí wọ́n bá ti gbà, ó di dandan fún gbogbo wọn. Ní ibì kan, kò tó dọ́là kan. Ní ibòmíràn, ó lè tó dọ́là mélòó kan. Owó tí kò tó ra oúnjẹ ọ̀sán kan ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: bí 20,000 akẹ́kọ̀ọ́ bá mú dọ́là méjì-méjì wá, 40,000 dọ́là ti délẹ̀. Àwọn yunifásítì náà sábà máa ń yọ̀ǹda owó ilé-ìwé tàbí ilé gbígbé ọdún àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é tí ọmọ tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá fi lé ní 2,000.

Kì í ṣe owó nìkan o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ló ń mú un lọ ra ẹ̀wù òtútù, tí wọ́n ń mú un lọ ṣí àkáǹtì ní báǹkì, tí wọ́n ń fi ọ̀nà ilé ìwòsàn àti yàrá ìkàwé hàn án. Oṣù méjìlá gbáko ni wọ́n fi ń gbé e dúró. Lẹ́yìn náà, yóò máa yá owó ìjọba kàwé, yóò sì máa ṣiṣẹ́, bíi tàwọn ọmọ Kánádà yòókù.

Orí ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Òfin tí Kánádà ṣe ní 1976, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, fún ará ìlú láṣẹ láti gba ogúnléndé sọ́dọ̀. Ẹni márùn-ún lè para pọ̀, ìjọ lè ṣe é, ẹgbẹ́ náà lè ṣe é. Ní 1979 àti 1980, Kánádà gba èèyàn bíi 60,000 láti Vietnam, Cambodia àti Laos, ará ìlú ló sì dúró fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1986, UNHCR gbé ẹ̀bùn Nansen fún gbogbo ará Kánádà lápapọ̀ nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọ ogúnléndé lè dà, kó wo Ahmed Hussen. Ètò WUSC kọ́ ló gbé e lọ, ṣùgbọ́n ogúnléndé láti Sòmálíà lòun náà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó dé Kánádà ní 1993. Ó kàwé ní yunifásítì York, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì Ottawa. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, wọ́n fi jẹ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé àtàwọn àlejò tó ń wọ̀lú.

Àmọ́ ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Àwọn tó ń wá ààyè pọ̀ ju ààyè lọ fíìfíì. Ó nira fáwọn ọmọbìnrin jù, nítorí àwọn ló ń pọnmi, àwọn ló ń dáná, àwọn kan sì ti wọ ilé ọkọ kí wọ́n tó ṣe tán ní girama. Ìdí nìyẹn tí WUSC fi ṣètò ẹ̀kọ́ àfikún fáwọn ọmọbìnrin ní Dadaab àti Kakuma. Ẹni tó bá sì rí ààyè gbà, ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀. Bàbá, ìyá àtàwọn àbúrò ṣì wà nínú àgọ́, ojú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ọmọ ogún ọdún tí kò tíì mọ bí yóò ṣe san owó ilé tirẹ̀ ni wọ́n ń pè lórí fóònù pé àìsàn dé, oúnjẹ tán. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ lókè òkun mọ ohun tí à ń wí.

Ewu mìíràn tún wà, ìyẹn ni ti ìjọba. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2023, Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí, wọ́n pè é ní Welcome Corps on Campus. Kò pé ọdún méjì tí ó fi dópin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba tuntun tó wọlé níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba ogúnléndé, ètò náà sì bá a lọ. Ní Kánádà pẹ̀lú, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba dá gbígba ìwé tuntun dúró lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún, wọ́n ní èyí tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tí ará ìlú bá dáwó sí, ìjọba ló ṣì mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ló kàn wá níbí? Ó kàn wá. Kò tíì pẹ́ tí ogun Liberia tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1989 kó àwọn ogúnléndé wá sí àgọ́ Òru, nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti 2017 làwọn ará Kamẹrúùnù ti ń sá wọ ìpínlẹ̀ Cross River. Àwọn èèyàn wa tí Boko Haram lé nílé ní àríwá náà ṣì wà nínú àgọ́. Nínú gbogbo wọn, ọmọ tó mọ̀wé ń bẹ. Àwa tí a mọ àjọ dá, tí a mọ ẹgbẹ́ ìlú ṣe, ṣé a kò lè gbé ọmọ kan ṣoṣo láti inú àgọ́ dé yunifásítì, ìlú kan, ọmọ kan?

Bí ọmọ yín bá ń kàwé ní Kánádà, ẹ bi í léèrè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń dá nínú owó yìí láìmọ̀. Bó bá mọ̀, kó lọ wá ọmọ àgọ́ náà rí, kó kí i káàbọ̀. Àlejò tó dé sínú òtútù kò níṣẹ́ méjì tó ń wá ju ojú tó dá a mọ̀ lọ.