Dróònù lè ṣọ́ ọ̀nà Èkìtì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sáré débẹ̀?

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Nǹkan kan ti wá gòkè ju igi lọ báyìí. Dróònù ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sínú rẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹni tó ń darí rẹ̀ wà, tí kámẹ́rà ara rẹ̀ yóò máa fi àwòrán ọ̀nà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

Ní orílẹ̀-èdè Spéìn, láti ọdún 2019 ni ìjọba ti ń fi í mú awakọ̀ tó bá rú òfin ìrìnnà. Kí ló wá kan ará Ìmẹ̀sí-Lásìgídì níbẹ̀? Ó kàn án gan-an ni. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kọ́ ni wàhálà tiwa bíi ti Èkó, ẹni tó lúgọ sínú igbó ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé Apostolic Faith tó wà ní Emùré-Èkìtì dúró lójú ọ̀nà Eporo, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọgbó. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pa ọba aládé méjì lápá Òkè-Àkó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ni àwọn ọmọ náà tó rí ìtúsílẹ̀. Awakọ̀ wọn kò bá wọn dé, wọ́n ti pa á.

Nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá pàdé ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n fẹnu kò láti máa ṣọ́ agbègbè wa láti òfuurufú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Dróònù lè rí igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà, ó lè rí tírélà tó ṣubú, àti ọlọ́kadà tó ṣàdédé ṣẹ́rí padà. Ṣùgbọ́n kò ríran dáadáa lábẹ́ igi kòkó tó ṣú. Òjò àti afẹ́fẹ́ líle kì í bá a lára mu, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì àwọn kéékèèké tí wọ́n ń tà kì í sábà ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó bá sì fẹ́ dáwó ra ọ̀kan, kó kọ́kọ́ wá ìwé àṣẹ. Láti ọdún 2016 ni àjọ tó ń mójútó ọkọ̀ òfuurufú ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó láìgbàṣẹ, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i.

Ìṣẹ́jú àáyá ni àwòrán fi ń dé Adó. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ní tirẹ̀, ilẹ̀ ni yóò gbà wá. Lójú tèmi, ìdajì wákàtí bátìrì yẹn tó fún àsìkò tí àwọn ọmọ ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀, ó sì tó fún àsìkò tí wọ́n ń padà bọ̀, bí ọkọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn kan tó ní epo nínú bá ti wà ní ìkàlẹ̀ ní Emùré gan-an.